Òjò ń rọ̀, àgbọ̀nrín ń bẹ nígbó: ráífù, ọfà, àbí ìbọn ẹ̀tù?

Ní Pennsylvania, ìpínlẹ̀ tí mo ń gbé ní Amẹ́ríkà, àárọ̀ Sátidé tó tẹ̀lé Thanksgiving, àjọ̀dún ìdúpẹ́ wọn ní ìparí oṣù kọkànlá, ni ìgbà ráífù máa ń bẹ̀rẹ̀ fún ọdẹ àgbọ̀nrín. Ó ti di ẹ̀ẹ̀mẹta tí òjò pàdé mi lẹ́nu igbó láàárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an. Ẹni tó ti gbàyè lẹ́nu iṣẹ́, tó ti ra ìwé àṣẹ, tó jí ní aago mẹ́rin òru, kò ní fẹ́ padà sórí bẹ́ẹ̀dì nítorí òjò. Àwọn ọmọ Yorùbá tí a jọ ń dọdẹ níbí sì máa ń pè mí lórí fóònù: "Ẹ̀gbọ́n, kí ni kí n mú dání? Ṣé kí n tilẹ̀ lọ?" Ìdáhùn mi kì í jẹ́ ọ̀kan náà, torí òjò kì í jẹ́ ọ̀kan náà. Mo fẹ́ gbé àwọn ọ̀nà náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn níbí, kí kálukú mú èyí tó bá òjò iwájú rẹ̀ mu.

Àgbọ̀nrín tí mò ń wí yàtọ̀ sí tilé díẹ̀. Tilé, ìwo tó bá hù lórí akọ ló máa gbé lọ sí sàréè. Tàwọn ará ibí, ìwo akọ máa ń yọ ẹ̀ka, á já bọ́ nígbà òtútù, òmíràn á tún hù. Abẹ́ ìrù rẹ̀ funfun. Bó bá ń sá lọ, á na ìrù náà sókè bí ẹni ń ju áńkáṣíìfù. Orúkọ kan náà la ṣì ń pè wọ́n, imú àwọn méjèèjì sì mú ju tèmi tẹ̀yin lọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó sún mi kọ èyí. Ọdún kejì mi nígbó ibí, mo ta abo kan lọ́fà nígbà tí òjò ń sẹ̀ wẹliwẹli. Lójú mi, ọfà wọlé dáadáa. Mo jókòó pé kí ìṣẹ́jú 30 kọjá, bí wọ́n ti kọ́ wa ní kíláàsì ọdẹ. Kí ogún ìṣẹ́jú tó pé, òjò ti le. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀jẹ̀ wà lára ewé níbi tó dúró sí, ó tún wà ní bí ìṣísẹ̀ mẹ́wàá síwájú. Lẹ́yìn ìyẹn, omi nìkan. Mo wá a títí ilẹ̀ fi ṣú, mo tún padà lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, n kò rí i. Ẹran tí mo pa tí ẹnikẹ́ni ò fẹnu kàn, ó ń dùn mí di òní. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé nínú òjò, rírí ẹran kò le tó wíwá a lẹ́yìn tí a bá ti ta á. Ohun tí mo fi ń díwọ̀n gbogbo ohun èlò àti gbogbo ọ̀nà tó wà nísàlẹ̀ yìí nìyẹn.

Òjò wo ló ń rọ̀?

Òjò wẹliwẹli dára fún ọdẹ. Ní oṣù kọkànlá, ewé gbígbẹ bo ilẹ̀ igbó, ó ń dún lábẹ́ bàtà bí ẹni ń jẹ ìpékeré. Bí òjò wẹliwẹli bá rọ̀ sí i fún wákàtí kan péré, á rọ̀ pẹ̀sẹ̀, ẹ ó sì lè rìn láìjẹ́ kí ẹ̀dá kankan gbọ́. Àgbọ̀nrín fúnra rẹ̀ kì í sá fún un. Irun tó ń hù fún òtútù ní ihò nínú, afẹ́fẹ́ inú ihò yẹn ló ń mú ara rẹ̀ móoru, òjò díẹ̀ kò sì ní dé awọ. Á máa jẹ kiri bí ẹni pé kò sóhun tó ń ṣẹlẹ̀.

Àrọ̀ọ̀rọ̀dá yàtọ̀. Bí òjò bá ti ń rọ̀ láti òru tí kò dá, àgbọ̀nrín á wọ abẹ́ igi tí kì í wọ́wé, pàápàá hemlock tí ìpínlẹ̀ yìí fi ṣe igi àmì rẹ̀, á dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Ariwo òjò lórí ewé á dí i létí, atẹ́gùn tó ń yí kiri á da òórùn rú mọ́ ọn nímú. Ojú nìkan ló kù tó gbára lé, nítorí náà ara rẹ̀ kì í balẹ̀. Ẹ lè pa á nínú irú òjò yìí, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ máa wá a lọ síbi tó sùn sí. Jíjókòó dè é lójú ọ̀nà tó máa ń gbà kò ní mú nǹkan wá.

Ní ti òjò tó ní mànàmáná nínú, ilé ni kí ẹ lọ. Bí mànàmáná bá kọ tí ààrá sì sán kí ẹ tó ka 30 ìṣẹ́jú-àáyá, ẹ sọ̀ kalẹ̀ kúrò lórí igi, ẹ má sì padà títí ìṣẹ́jú 30 á fi kọjá lẹ́yìn ààrá tó kẹ́yìn. Ẹni tó wà lókè igi pẹ̀lú irin lọ́wọ́ nírú àsìkò yẹn kò ní ohun tó ń wá níbẹ̀.

Ṣáájú òjò ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ọdẹ gbà pé àgbọ̀nrín máa ń jáde wá jẹun bí ojú ọ̀run bá ti ń ṣú, èmi náà sì ti rí i bẹ́ẹ̀. Ẹ kàn rántí pé òjò tẹ́ ẹ̀ ń wò lókè yẹn lè bọ́ sórí ipa ẹ̀jẹ̀ yín. Bí wọ́n bá ní kí n mú wákàtí kan ṣoṣo nínú gbogbo ọ̀sẹ̀, wákàtí tí òjò ńlá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni màá mú. Ebi ti pa àwọn tó ti ń sùn látàárọ̀, akọ tí òjò ti wẹ òórùn tó fi sílẹ̀ nù á jáde wá fi òmíràn síbẹ̀, ilẹ̀ rọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí òjò mọ́ tó máa fọ ẹ̀jẹ̀. Bí àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ bá ní òjò máa dá ní aago méjì ọ̀sán, ẹ sùn títí di aago méjìlá.

Ráífù, ọfà, àbí ìbọn ẹ̀tù?

Bí ìgbà ráífù bá ṣí tí òjò sì ń rọ̀, ráífù ni kí ẹ mú. Òjò kò lè yí ọta ráífù padà tó ohun tẹ́ ẹ máa fojú rí ní ìwọ̀n tí a fi ń yìnbọn nínú igbó. Agbára tó wà nínú ọta náà tó láti ṣẹ́ eegun èjìká, kí ẹran sì ṣubú síbi tó dúró sí. Lọ́jọ́ tí ilẹ̀ gbẹ, mi ò fẹ́ràn kí n yìnbọn sí èjìká torí ó ń ba ẹran tó dùn jẹ́. Nínú òjò, mo gbà kí èjìká kan ṣòfò kí gbogbo rẹ̀ má bàa ṣòfò.

Wàhálà ráífù kò pọ̀. Ẹ fi téèpù dúdú táwọn oníṣẹ́ iná ń lò dí ẹnu ìbọn kí omi má wọ inú ọ̀pá. Kò ní yí ibi tẹ́ ẹ dojú ìbọn kọ padà, torí afẹ́fẹ́ tí ọta ń tì níwájú á ti ṣí i kí ọta tó dé ẹnu. Ẹ ra ìdérí fún awò orí ìbọn, kí ẹ sì fi aṣọ gbígbẹ kan sínú ọ̀rá nínú àpò àyà. Ẹ má mí sí ojú awò náà nígbà òtútù. Mo ti pàdánù akọ ńlá kan nítorí èémí ara mi. Bí ìdí ìbọn bá jẹ́ igi, omi lè mú un wú kó sì máa ti ọ̀pá ìbọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìdí oníke kò ní irú ìyẹn.

Ọfà ń pa ẹran nípa kí ẹ̀jẹ̀ dà. Kò ní agbára tó ń gbé ẹran ṣubú. Kódà bí ọfà bá gba inú ẹ̀dọ̀fóró méjèèjì kọjá, àgbọ̀nrín ṣì lè sá tó 100 yáàdì kó tó wó, ẹ̀jẹ̀ tó ń kán sílẹ̀ ló sì máa mú yín dé ibẹ̀. Ẹ wá fi òjò sí i. Ìyẹ́ gidi tó wà nídìí ọfà á rin, á lẹ̀ mọ́ra, ọfà á sì máa rìn ségesège; ìyẹ́ oníke ló yẹ. Ẹ̀kán omi á jókòó sínú ihò kékeré tẹ́ ẹ̀ ń gbà wojú lára okùn ọrun. Àkàtàǹpó, ìyẹn ọrun tí a ń yìn bí ìbọn, rọrùn láti dojú rẹ̀ kọ nǹkan, ṣùgbọ́n ọfà náà ni ọfà, ẹ̀jẹ̀ náà ni a máa tọ̀.

Ìdájọ́ mi lórí ọfà: nínú òjò wẹliwẹli, kò gbọdọ̀ kọjá 20 yáàdì, kí ẹran sì fẹ̀gbẹ́ hàn yín pátápátá. Nínú àrọ̀ọ̀rọ̀dá, ẹ fi ọrun kọ́ sílé. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa bínú sí mi nítorí èyí. Mo ti sọ ohun tí ojú mi rí.

Ìbọn ẹ̀tù ló wà lọ́kàn mi jù. Láti ọdún 1974 ni Pennsylvania ti ní ìgbà ọ̀tọ̀ fún ìbọn olókùúta àtijọ́, lẹ́yìn Kérésìmesì wọ inú oṣù kìíní, ní ọ̀pọ̀ ibi, a kò sì gbọdọ̀ fi ìbọn mìíràn pa àgbọ̀nrín nígbà náà. Ẹni tó bá dàgbà sílé ọdẹ nílẹ̀ Yorùbá ti mọ ọmọ ìyá rẹ̀: ṣàkàbùlà ni. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo yin ọ̀kan níbí, òórùn ẹ̀tù yẹn gbé mi padà sí àgbàlá bàbá mi ní Òkè-Ògùn, mo sì dúró síbẹ̀ títí èéfín fi tán lójú mi.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ló jẹ́ kí òjò jẹ́ ọ̀tá rẹ̀. Òkúta ìbọn á gbá irin, ẹta iná á bọ́ sínú àwo kékeré tí ẹ̀tù lẹ́búlẹ́bú wà, iná yẹn á gba ojú ihò wọlé lọ bá ẹ̀tù inú ọ̀pá. Ẹ̀kán omi kan nínú àwo yẹn ti tó láti sọ ìbọn di ọ̀pá lásán. Àwọn ọdẹ ibí máa ń fi awọ kan bò ó tí wọ́n ń pè ní orúnkún màlúù, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gé awọ náà látijọ́. Bàbá mi náà ń fi awọ dì tirẹ̀, á sì gbé ibi tí iná ti ń ṣẹ́ sábẹ́ apá bí òjò bá ká a mọ́nà oko. Kò sẹ́ni tó kọ́ ará ìhín láti ọ̀hún. Ẹ fi ìda oyin ra etí àwo náà kí omi má yọ́ wọlé, kí ẹ sì máa da ẹ̀tù inú rẹ̀ nù ní gbogbo ìṣẹ́jú 15, kí ẹ fi gbígbẹ rọ́pò rẹ̀. Bí ẹ bá fà á tó dákẹ́, ẹ kọ ẹnu rẹ̀ síbi tí kò séwu fún ìṣẹ́jú kan ó kéré tán, torí iná lè ṣì máa jó bọ̀ nínú.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ọfà sàn ju ìbọn ẹ̀tù lọ nínú òjò, torí ọfà kì í kọ̀ láti lọ. Èrò mi yàtọ̀. Ìbọn tó dákẹ́ kò ṣe ẹran níbi. Ẹran á gbọ́ "kẹ́ẹ́", á gbéra, á lọ jẹun níbòmíràn. Ọfà tó lọ tí kò bọ́ síbi tó yẹ ló ń rán ẹran lọ kú síbi tẹ́nì kan ò mọ̀. Bí ìbọn ẹ̀tù bá sì dún, ọta rẹ̀ tóbi, á ṣẹ́ eegun. Nítorí náà, lójú tèmi, ráífù ló ṣáájú, ìbọn ẹ̀tù tẹ̀lé e fún ẹni tó ní sùúrù, ọfà ló kẹ́yìn.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ta á

Kí ẹ tó gbẹ́sẹ̀, ẹ wo igi tẹ́ ẹ ti rí i kẹ́yìn, ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ àti ìṣe ẹran ló máa sọ ibi tó bà á. Ẹ̀jẹ̀ tó pupa fẹ́ẹ́rẹ́ tó ń hó jẹ́ ti ẹ̀dọ̀fóró. Tó bá dúdú, ti ẹ̀dọ̀ ni. Tó bá ní àwọ̀ ewé tó sì ń rùn, ìfun ni, ẹran náà sì sábà máa ń ká ẹ̀yìn kó tó rìn lọ.

| Ibi tó bà á | Bí ilẹ̀ bá gbẹ | Bí òjò bá ń rọ̀ |
|---|---|---|
| Ẹ̀dọ̀fóró tàbí ọkàn | Ẹ dúró ìṣẹ́jú 30 | Ẹ tọ̀ ọ́ lọ ní jẹ́jẹ́ lójú ẹsẹ̀ |
| Ẹ̀dọ̀ | Wákàtí 4 | Wákàtí 4 náà ni, kí ẹ máa wá ajá |
| Ìfun tàbí àpòlùkù | Wákàtí 8 sí 12 | Kò yí padà. Ẹ fi í sílẹ̀ kó dùbúlẹ̀ |

Ìlà kẹta ló ń le fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Òjò ń rọ̀, ẹ̀rù ń bà wọ́n pé ipa ẹ̀jẹ̀ á parẹ́, ni wọ́n bá sáré tọ̀ ọ́. Ẹran tí ọta bà nífun kì í da ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ látìbẹ̀rẹ̀, nítorí náà ohun tí òjò máa fọ̀ kò tó nǹkan. Bí a kò bá lé e, á dùbúlẹ̀ nítòsí, á kú síbẹ̀. Bí a bá lé e, á sá títí a ò fi ní rí i mọ́.

Ajá atọpasẹ̀ tí a fi okùn mú lọ́wọ́ ni mo fi gbẹ́kẹ̀ lé báyìí. Imú rẹ̀ lè tọ òórùn ẹran tó fara gbọgbẹ́ kódà lẹ́yìn tí òjò ti fọ ẹ̀jẹ̀ tí ojú wa ń wá. Òfin Pennsylvania gbà á, ẹgbẹ́ United Blood Trackers sì ní àtòkọ àwọn tó ní irú ajá bẹ́ẹ̀ ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ wá nọ́ńbà ẹni tó sún mọ́ yín sínú fóònù kí ìgbà ọdẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ká ní mo mọ̀ nípa wọn lọ́dún kejì yẹn ni.

Kí ẹ rìn àbí kí ẹ jókòó?

Bó bá jẹ́ ráífù lẹ mú, tí òjò ń sẹ̀ wẹliwẹli, ẹ rìn. Ìṣísẹ̀ mẹ́ta, ẹ dúró, ẹ wò fún ìṣẹ́jú méjì, ẹ tún gbé mẹ́ta. Kí atẹ́gùn máa fẹ́ sójú yín. Ẹ má wá odindi àgbọ̀nrín; ẹ̀yìn tó lọ gbọọrọ láàárín igi tó dúró ṣánṣán ni kí ẹ máa wá, tàbí etí tó gbọn omi nù.

Orí igi dára bí òjò bá ti dá. Bó bá ń rọ̀, àkàsọ̀ irin á máa yọ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ọdẹ ti ń já bọ́. Ẹlẹ́mu kì í gun ọ̀pẹ láìsí igbà. Ẹ̀yin náà, ẹ so bẹ́líìtì tó di èjìká àti itan mọ́ igi láti ilẹ̀ títí dókè, kì í ṣe ìgbà tẹ́ ẹ bá dókè tán. Ẹ fi okùn fa ìbọn sókè lẹ́yìn yín láìní ọta nínú.

Àgọ́ kékeré orí ilẹ̀ ló dára jù fún àgbàlagbà, fún ọmọdé tẹ́ ẹ̀ ń kọ́, àti fún ìbọn ẹ̀tù. Àléébù rẹ̀ ni pé ariwo òjò lórí tapólì kò ní jẹ́ kí ẹ gbọ́ ẹran tó ń bọ̀. Ẹ fi aṣọ aláwọ̀ ọsàn kọ́ síta rẹ̀ kí ọdẹ mìíràn mọ̀ pé èèyàn wà nínú. Ní ìgbà ráífù, ó kéré tán ínṣì 250 onígun mẹ́rin (square inches) irú àwọ̀ yẹn tó ń tàn yòò gbọdọ̀ wà lórí, àyà àti ẹ̀yìn yín lápapọ̀. Ẹ má wọ aṣọ òjò dúdú bò ó. Mo ti rí ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀, ọkàn mi sì fò.

Nílé, bàbá mi ń fi àtùpà dọdẹ lóru. Níbí, kò sóhun tó jọ ọ́: òfin fún wa ní ìdajì wákàtí ṣáájú kí oòrùn tó yọ, dé ìdajì wákàtí lẹ́yìn tó bá wọ̀. Bí òjò bá ṣú, ojú á ti ṣókùnkùn kí àkókò yẹn tó pé. Mi ò ń yìnbọn nírọ̀lẹ́ òjò bí kò bá ku wákàtí kan tí mo lè fi wá ẹran náà lójúmọ́.

Aṣọ

Aṣọ òwú ni kí ẹ kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀. Bó bá tutù, ó ń fa ooru ara jáde ni, òtútù sì lè pani kódà bí omi kò tíì di yìnyín. Irun àgùntàn móoru bó tilẹ̀ rin, kì í sì í pariwo, ṣùgbọ́n ó wúwo gan-an bó bá mu omi. Gore-Tex kì í jẹ́ kí omi wọlé, ó sì ń jẹ́ kí òógùn jáde. Owó rẹ̀ ga, àwọn kan nínú rẹ̀ sì ń dún bí ọ̀rá bí ẹ bá gbápá. Ẹ fi ọwọ́ ra á nínú ṣọ́ọ̀bù kí ẹ tó sanwó. Ẹni tó máa jókòó sínú àgọ́ lè lo rọ́bà olówó pọ́ọ́kú. Èmi tí mò ń rìn, irun àgùntàn ni mo ń wọ̀ sínú, màá sì fi aṣọ òjò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sínú báàgì.

Bí ẹ bá délé

Ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu inú ẹran kí ẹ tó gbé e kọ́, torí ọ̀rinrin ń tètè bà á jẹ́. Bí ìta bá gbóná ju 4°C lọ, ẹ gé e lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ kó o sínú fíríìjì. Ráífù kì í wọ yàrá gbígbóná lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, torí omi á sẹ̀ sí i lára bí ìrì. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ wà ní gáréèjì tí a tì, láìní ọta. Ìbọn ẹ̀tù kò ní dúró de ọ̀la. Èérí ẹ̀tù ń fa omi mọ́ra, ìpáàrà á sì ti mú un kí ilẹ̀ tó mọ́. Omi gbígbóná ni mo fi ń fọ ọ̀pá rẹ̀, màá nù ún gbẹ, màá fi òróró pa á, lẹ́yìn náà ni mo tó bọ́ bàtà.